Felele Kì í Ṣe Ibùsùn Lásán: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-àjò láti Ìsánlú sí Ẹ̀yìn Odi Lọ́kọ́jà

Ọjọ́rú: Ìsánlú sí Lọ́kọ́jà

Aago mẹ́jọ kọjá dáadáa kí ọkọ̀ tó kún ní gáréèjì. Ìyá tó jókòó tì mí gbé àpò iṣu kan, gààrí, àti ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó, gbogbo rẹ̀ fún ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba. "Felele ló ń gbé," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ń bẹ níbí." Mo mọ ilé tí wọ́n ń sọ. Wọ́n ti kan páànù sí i, wọ́n ti kùn ún, kò sì sẹ́ni tó ń sùn nínú rẹ̀ àfi nígbà ọdún.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló gbé mi dìde nílé. Ó pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé àwa Okun, Yorùbá Ìpínlẹ̀ Kogí, wà lára àwọn tó kọ́ ìlú ńlá kan sí ẹ̀yìn odi Lọ́kọ́jà, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, láàárín ọgbọ̀n ọdún ó lé, a ò sì tíì gbà pé ìlú ni. Felele, Lokongoma, Zango, Otokiti, Ganaja: ibẹ̀ la ti ń bímọ, ibẹ̀ la ti ń tọ́ wọn dàgbà, ibẹ̀ la ti ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀ bí ẹnì kan bá bi wá léèrè, a ó ní iṣẹ́ ló gbé wa débẹ̀. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi rìn ín, kí n sì bi àwọn tó wà níbẹ̀ bí ibẹ̀ ṣe di ibùgbé.

A kọjá Mọ́pà, a gba ilẹ̀ Gbẹ̀dẹ̀, àpáta lọ́tùn-ún lósì. Orí irú òkè báwọ̀nyí làwọn baba ńlá wa sá sí nígbà tí àwọn jagunjagun Nupe láti Bídà ń kó wọn lẹ́rú. Ní oṣù kìíní 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company, iléeṣẹ́ òwò Bìrìtìkó, gbéra ní Lọ́kọ́jà wá sí Kàbbà láti kojú ogun Nupe tó pàgọ́ síbẹ̀, wọ́n sì bá ibùdó náà lófìfo, nítorí àwọn yẹn ti sá. Nígbà tí ogun ẹrú rọlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìlú wa sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tẹ̀dó sí etí ọ̀nà. Kò sí ìlú Okun tí mo mọ̀ tí kò ní ìtàn bí wọ́n ṣe kó kúrò níbì kan wá síbòmíì. Kí ló wá dé tí kíkó tiwa yìí fi ń tì wá lójú?

Láti Kàbbà dé Obajana, ọ̀nà kọnkéré ni, kìlómítà 43, iléeṣẹ́ Dangote ló fi sìmẹ́ńtì ṣe é. Ọkọ̀ ò mì rárá. Obajana fúnra rẹ̀, ilẹ̀ àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, àwọn onílẹ̀ àyíká Lọ́kọ́jà, ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ sìmẹ́ńtì ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n láti 2007 tí iléeṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tírélà ò jẹ́ ká sáré mọ́ láti ibẹ̀ títí a fi yọ sí Zariagi, ní títì tó ti Òkéné bọ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Felele. Wọ́n ti gún iyán sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀: Felele

Títì márosẹ̀ tó lọ sí Abuja ló gba iwájú Felele kọjá, òkè wà lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín òkè àti títì yìí ni ilé fún mọ́ra. Ilé oníyàrá púpọ̀ tí ilẹ̀kùn kọjú síra wà, búngálò oníyàrá mẹ́ta tí òṣìṣẹ́ ìjọba fi ẹ̀yáwó kọ́ wà, ilé alájà tí wọ́n kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ń pọ̀ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé ọjà Felele ró. Kogi State Polytechnic wà níbẹ̀, Federal University tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011 náà ní ọgbà rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Adankolo. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mẹ́ruwà ti ń ti kẹ̀kẹ́ omi rẹ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ó ti di ẹni ńlá ní àdúgbò.

Ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, ọmọ onílẹ̀. A kúnlẹ̀, a ní "Okun o, Bàbá." Wọ́n dá wa lóhùn, wọ́n bi wá ní orúkọ ìlú wa, orúkọ agbo ilé wa, kí wọ́n tó gbà kí n béèrè ohunkóhun. Èdè wọn àti tiwa gbọ́ ara wọn. Ibi tí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ yára, tiwọn ń fà, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí a nílò ògbufọ̀.

Mo ní, "Bàbá, báwo ni ibí ṣe rí kí ilé tó dé?"

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. "Ẹ̀yin àlejò máa ń sọ pé igbó lẹ bá níbí. Igbó wo? Oko àwọn baba wa ni."

Wọ́n fi ọ̀pá tọ́ka sókè. Lórí òkè pẹrẹsẹ tó nà láti ibẹ̀ lọ, Agbaja wà, ibi tí ìtẹ́ Olú Ọ̀wọ́rọ̀ wà. Bí ogun Nupe ṣe lé àwa Okun, ará Yàgbà àti Bùnú, sórí òkè ló lé àwọn náà. Láti orí òkè ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá dáko ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọn a sì tún gùn ún padà. Nítorí náà, nígbà tí àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ ojú omi ń wo èbúté ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n rò pé ilẹ̀ náà ṣófo, àwọn tó ni ín ń wò wọ́n láti òkè. Mo rò pé kókó ìtàn gbogbo Lọ́kọ́jà nìyẹn, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ra plọ́ọ̀tì kan níbẹ̀ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó gbé sọ́fẹ́yọ̀ wọ inú rẹ̀.

Bàbá ò bínú sí ẹni tó ra ilẹ̀. Àwọn náà tà, wọ́n fi owó rẹ̀ rán ọmọ lọ sí iléèwé. Ohun tó dùn wọ́n ni pé wọ́n ń yí orúkọ àdúgbò padà. Odò kékeré kan tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ láti kékeré, àwọn onílé tuntun ń pè é ní "gọ́tà". Wọ́n sọ orúkọ náà fún mi, wọ́n sì ní kí n má kọ ọ́ títí àwọn ọmọ ìyá wọn yóò fi pàdé lórí rẹ̀. Mo gbà.

Ní alẹ́, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi sọ apá tiwọn. Nígbà tí ìjọba Ibrahim Babangida kéde Ìpínlẹ̀ Kogí ní 27 oṣù kẹjọ 1991, Ìlọrin ni wọ́n wà, akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì ìjọba Kwara. Tí ẹ bá rántí, abẹ́ Kwara ni Yàgbà, Kàbbà àti Lọ́kọ́jà wà nígbà yẹn. Igala, tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ wa, ti wà lábẹ́ Benue láti 1976. Lójú kan náà, wọ́n pín òṣìṣẹ́. Àwọn tó wà ní Ìlọrin gba ìhín wá, àwọn tó wà ní Makurdi gba ọ̀hún wá, gbogbo wọn já sí ìlú kékeré kan létí odò tí kò ní yàrá tó tó fún ìdajì wọn.

"A sùn ní ọ́fíìsì," wọ́n ní. "Tábìlì la fi ṣe bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá rí yàrá, èèyàn mẹ́rin ni yóò bá a gbé e." Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á wọkọ̀ padà sí Ìlọrin lọ bá ìyàwó, wọ́n á sì tún padà wá ní ọjọ́ Ajé. Bí ọdún bíi mélòó kan ṣe lọ báyìí nìyẹn kí wọ́n tó ra ilẹ̀ ní Felele, tí wọ́n ń mọ yàrá kan lọ́dún, òmíràn lọ́dún kejì. Lókongoma ni àwọn ọ̀gá wọn gbà, nítorí ibẹ̀ ni ìjọba ti pín ilẹ̀ létòlétò. Àwọn tí owó wọn kò tó gba ẹ̀bá òkè.

Mo bi wọ́n bóyá ẹnì kan ti kọ èyí sílẹ̀ rí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló fẹ́ kà á. Èmi fẹ́ kà á.

Ọjọ́ Ẹtì: Felele

Òjò rọ̀ láàárọ̀, mi ò jáde. Láti aago kan ọ̀sán ni àdúgbò ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Àpò lórí èjìká, aṣọ ẹbí nínú ọ̀rá, ọkọ̀ ń pe Kàbbà, ń pe Ìyàrá, ń pe Ẹ̀gbẹ̀. Òkú wà ní ìlú yìí, ìgbéyàwó wà ní ìlú yẹn, ìpàdé ìdílé wà ní òmíràn. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, nínú ojúlé mẹ́jọ tó wà ní òpópónà ẹ̀gbọ́n mi, mẹ́ta ló kù tí iná wọn ń tàn, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ìdílé Ebira kan tí wọn kì í lọ síbì kankan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: Ìsàlẹ̀ ìlú, Ganaja, Lokongoma

Kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ sí ìlú àtijọ́ kí oòrùn tó mú. Mo fẹ́ rí ibi tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1841, ìrìn-àjò ojú odò tí ìjọba Bìrìtìkó rán wá dá oko kan sílẹ̀ nítòsí ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, pé kí wọ́n máa fi iṣẹ́ oko dípò òwò ẹrú. Ibà pa wọ́n púpọ̀, wọ́n sì pa oko náà tì kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, wà nínú ìrìn-àjò yẹn. Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, William Balfour Baikie, dókítà ọkọ̀ ojú omi Bìrìtìkó, wá síbẹ̀, ó tẹ ibùdó òwò dó, àwọn tó ń sá fún oko ẹrú láti ìhà gbogbo sì rọ́ wá síbẹ̀: Yorùbá, Nupe, Haúsá, Ebira, Igala. Baikie kú ní 1864, ìlú náà kò kú. Ní 1865 ni CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà ti Crowther, dá iléèwé sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tí a mọ̀ lónìí sí Holy Trinity. Mo dúró níwájú ẹnu ọ̀nà rẹ̀, níbi tí irin méjì wà tí wọ́n ń pè ní Irin Òmìnira. Ẹrú tó bá ti dé ibẹ̀, ó di òmìnira, bí ìtàn ṣe sọ.

Ọ̀rọ̀ Lugard, òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣàkóso Àríwá fún Bìrìtìkó, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. 1 oṣù kìíní 1900 ni wọ́n sọ àsíá Royal Niger Company kalẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n gbé ti Bìrìtìkó sókè. Lọ́kọ́jà ni olú-ìlú Àríwá fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí Jẹ́bà, lẹ́yìn náà Zungeru. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di olú-ìlú Ẹkùn Kàbbà, ó sì wà bẹ́ẹ̀ pẹ́. Mo gun òkè Patti dé ibi igi osè. Àwọn tó ń mú èèyàn kiri sọ fún mi pé orí òkè yìí ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn Bìrìtìkó, ti fún wa lórúkọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìròyìn The Times ti London ló ti dá orúkọ náà lábàá, 8 oṣù kìíní 1897. Òkè náà lẹ́wà tó láìsí àfikún ìtàn.

Láti orí òkè yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Ìlú àtijọ́ há sáàárín òkè àti omi, kò níbi tó máa gbà. Nígbà tí 1991 da èèyàn sórí rẹ̀, ọ̀nà méjì ló kù. Ìkíní ni kí wọ́n yí ẹsẹ̀ òkè po, bíi Felele àti Lokongoma. Ìkejì ni kí wọ́n tẹ̀ lé etí odò lọ sí Ganaja, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tí ó sì pọ̀.

Àwọn tó gba etí odò ti rí i. Ní 2012, nígbà tí òjò pọ̀ tí wọ́n sì tún ṣí omi ìsédò Lagdo ní Kamẹrúùnù, Odò Bẹ́núé kún àkúnya, Ganaja àti Adankolo wọ inú omi. Ní 2022, ó tún ṣẹlẹ̀. Títì Ganaja rì, ọkọ̀ ojú omi làwọn èèyàn ń wọ̀ lórí ibi tí mọ́tò ń gbà tẹ́lẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ẹja yíyan lẹ́bàá ibẹ̀ fi ọwọ́ han mi ibi tí omi dé lára ògiri rẹ̀. Ó ga ju àyà mi lọ. Mo bi wọ́n ìdí tí wọ́n ò fi kó lọ. "Ta ni yóò ra ilé yìí lọ́wọ́ mi?" Ọdún 2022 yìí kan náà ni wọ́n ṣí afárá òkè ní Ìkòríta Ganaja, tó jẹ́ kí súnkẹrẹ fàkẹrẹ dín kù. Afárá dára. Ìṣòro omi ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Lokongoma ni mo fi parí rẹ̀. Òpópónà tọ́, ọgbà ga, igi máńgòrò pọ̀. Àwọn tó gbé ibẹ̀ ní àkọ́kọ́ ti fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ ilé ti di ọ́fíìsì tàbí hòtẹ́ẹ̀lì. Mo bá bàbá kan tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà lẹ́nu iṣẹ́ pàdé níwájú géètì wọn, ará Ìjùmú. Wọ́n ní àwọn kọ́ ilé sí ìlú àwọn kí wọ́n lè padà lọ darúgbó síbẹ̀. "Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, mi ò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Dókítà mi wà níbí, ọ̀rẹ́ mi wà níbí. Mo padà." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ká mi lára pé ó ní láti rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú: Ìpàdé onílé

Lẹ́yìn ìsìn, ẹgbẹ́ onílé pàdé lábẹ́ igi níwájú ṣọ́ọ̀bù kan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lọ sílé ti dé padà. Wọ́n ní kí n jókòó. Pijin ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, Haúsá ń bá a rìn, Yorùbá ń wọlé bí inú bá ń bí ẹnì kan. Ohun kan tí mo ṣàkíyèsí láti ọjọ́ tí mo ti dé: àwọn ọmọ wa níbẹ̀ gbọ́ èdè ìlú wọn, ṣùgbọ́n pijin ni wọ́n fi ń dáhùn. Ọmọ Igala, ọmọ Ebira àti ọmọ Yàgbà ń ṣeré pọ̀, wọ́n sì ní láti ní èdè kan. Mi ò bá wọn jà. Mo kàn fẹ́ kí tiwa náà wà lẹ́nu wọn.

Owó àwọn ọlọ́dẹ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ, wọ́n sì yanjú rẹ̀ kíá. Ọ̀rọ̀ gọ́tà ló dá ìjà sílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ lórí òkè, gbogbo omi àti yanrìn rẹ̀ ń gba àárín ilé wá sí títì. Wọ́n fẹ́ kí olúkúlùkù dá owó kí wọ́n lè fi búlọ́ọ̀kù la ọ̀nà fún omi. Ọkùnrin kan dìde, ó ní òun ò ní í dá kọ́bọ̀: "Ilé mi ń bẹ nílé. Ibí, iṣẹ́ ni mo wá ṣe." Ìyá Ebira tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn: "Ọdún kẹrìnlélógún rẹ nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìgbà wo ni iṣẹ́ ọ̀hún máa parí?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo wà lẹ́yìn ìyá yẹn pátápátá. Kíkọ́ ilé sílé dára, ó sì ń fi ọlá fún ẹni tó bí wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo owó, gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ àti gbogbo ìfẹ́ bá ń lọ sílé, ta ni yóò jẹ́ onílé fún òpópónà tí ọmọ wa ń gbà lọ sí iléèwé?

Ọ̀rọ̀ títì náà wá. Ní 23 oṣù kẹsàn-án 2020, ọkọ̀ epo kan sọ ìjánu nù ní Felele, nítòsí Polytechnic, ní àárọ̀ tí àwọn èèyàn ń lọ síbi iṣẹ́. Ó kọlu àwọn ọkọ̀ mìíràn, iná sọ. Ó lé ní ogún èèyàn tó kú, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ọmọ kéékèèké wà nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ìró rẹ̀ nínú ilé. Nígbà tí alága dárúkọ ọjọ́ náà, gbogbo ìpàdé dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n dìde, Mùsùlùmí ṣe àdúà, Kristẹni ṣe àmín sí i. Gbogbo ọkọ̀ epo tó ń ti gúúsù lọ sí Abuja lójú ọ̀nà yìí ló ń kọjá níwájú iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà wọn. Ìpàdé fohùn ṣọ̀kan láti tún kọ lẹ́tà lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ àti lórí kí wọ́n dín eré ọkọ̀ kù. Ẹni tó kọ̀ láti dá owó gọ́tà ló kọ́kọ́ bọwọ́ lu lẹ́tà náà. Kí a tó túká, ó ti dá ìdajì owó gọ́tà.

Mo tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí akọ̀wé ní ìwé kan lọ́tọ̀ tí wọ́n máa kọ ìtàn àdúgbò sí: ta ló kọ́kọ́ kọ́lé ní òpópónà kọ̀ọ̀kan, lọ́wọ́ ìdílé Ọ̀wọ́rọ̀ wo ló ti ra ilẹ̀, kí lorúkọ odò náà kó tó di gọ́tà. Wọ́n gbà, wọ́n sì ní kí wọ́n pe bàbá ọmọ onílẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé wọn ò tíì pè wọ́n rí.

Ọjọ́ Ajé: Ojú ọ̀nà

Aago méje kọ́ ni ọjọ́ Ajé ń bẹ̀rẹ̀ ní Felele. Láti aago márùn-ún ààbọ̀ ni kẹ̀kẹ́ ti ń ké, tí ọmọléèwé àti òṣìṣẹ́ sì ń du àyè. Mo dúró títí ọkọ̀ Kàbbà fi dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ti Ìlọrin tàbí Makurdi wá ní 1991 àti àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, tí ẹ ṣì ní àwòrán yàrá tí ẹ gbà, ìwé ìsanwó ilẹ̀, tàbí orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ gbẹ́ kànga lẹ́bàá yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i, kí ẹ sì fún ẹgbẹ́ onílé yín ní ẹ̀dà kan. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ tí ẹ mọ orúkọ oko tó wà lábẹ́ àwọn ilé wọ̀nyí, ìwé kan náà ń dúró dè yín.